Àṣìṣe tó ń ba ọjọ́ ìbẹ̀wò sí mùsíọ́mù ìtàn agbègbè jẹ́

Owó tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ló ń gbọ́n àpò àwọn èèyàn gbẹ ní mùsíọ́mù ìtàn agbègbè. Owó ọkọ̀ tó gbé wọn débẹ̀ lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn wà ní títì ni, àti owó ìwé ràgàjì tí wọ́n rà nígbà tí wọ́n ń jáde, lẹ́yìn tí wọn ò ka lébẹ̀ẹ̀lì kan ṣoṣo, ìwé pélébé tó ń ṣàlàyé ohun tó wà nínú àpótí, parí nínú ilé.

Àkọ́kọ́, ẹ má lọ láìbèèrè. Ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Àwọn kéékèèké tó jẹ́ pé àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń bójú tó o lè má ṣí ju ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ lọ. Ẹ tẹ̀ wọ́n láago, torí ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè ti di tèṣí. Ẹ bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta: aago mélòó ni wọ́n ń dá tíkẹ́ẹ̀tì títà dúró, yàrá wo ni wọ́n tì lọ́wọ́lọ́wọ́, ìgbà wo sì ni amọ̀nà ń mú àlejò yíká. Wọ́n sábà máa ń dá tíkẹ́ẹ̀tì dúró ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.

Ìkejì, tíkẹ́ẹ̀tì alápapọ̀ tó kó ilé mẹ́ta pọ̀. Tí agbára rẹ̀ bá máa tán lọ́jọ́ kan náà, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ìkẹta, ẹ má fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ tán. Láti 1916 ni Benjamin Ives Gilman, òṣìṣẹ́ Museum of Fine Arts ní Boston, ti kọ̀wé lórí àárẹ̀ tó ń mú àlejò ní mùsíọ́mù. Ó ní kí ọkùnrin kan máa wo ohun inú àpótí gíláàsì, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ kòlòbà, tó ń lóṣòó, tó ń na ọrùn kó tó lè rí nǹkan. Ẹ̀yin náà nìyẹn lẹ́yìn wákàtí kan. Yàrá méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Ẹ máa jókòó ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí, kó tó rẹ̀ yín. Ibi tí máàpù agbègbè náà bá wà sì ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹni tí kò mọ ibi tí odò gbà kọjá kò ní mọ ìdí tí ìlú kan fi kún fún irinṣẹ́ ẹja, tí èkejì sì jẹ́ ìlú alágbẹ̀dẹ.

Ìkẹrin ló ń bí èèyàn nínú jù. Àwọn àlejò á dúró níwájú àpótí, wọ́n á na fóònù, wọ́n á ya ohun inú rẹ̀, ó parí. Wọn ò ní ya lébẹ̀ẹ̀lì. Nígbà tí wọ́n bá délé, irin rọ̀bọ̀tọ̀ kan ló wà nínú fóònù, wọn ò sì mọ̀ bóyá ara ilẹ̀kùn ni wọ́n ti yọ ọ́ ni tàbí ọrùn màlúù. Mùsíọ́mù ìtàn agbègbè kì í ṣe ilé wúrà, ẹ jọ̀ọ́. Irinṣẹ́, ìkòkò, aṣọ iṣẹ́ àti ìwé gbèsè ló pọ̀ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ lébẹ̀ẹ̀lì kúrò, àkúfọ́ àti àlòkù ló kù.

Ẹ jẹ́ ká kà á pa pọ̀. Lókè ni orúkọ nǹkan náà, lẹ́yìn náà ohun tí wọ́n fi ṣe é, ibi tí wọ́n ti rí i, ìgbà tí wọ́n ṣe é, àti ẹni tó fi í tọrẹ. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà wínníwínní, nọ́ńbà kan sábà máa ń wà. Ká ní 1974.12.3 ni. Ní ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù, 1974 ni ọdún tí nǹkan náà wọlé sọ́dọ̀ wọn, 12 ni ìdì kejìlá tí wọ́n gbà lọ́dún náà, 3 sì ni ohun kẹta nínú ìdì yẹn. Ọdún tí wọ́n ṣe é ò sí níbẹ̀ rárá. Síbẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí bàbá kan ń là á yé àwọn ọmọ rẹ̀, pẹ̀lú ìdánilójú, pé 1974 ni wọ́n rọ ohun tó ti lé ní igba ọdún. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀. Òun ni wọ́n máa fi wá fáìlì jáde tẹ́ ẹ bá padà wá béèrè ọ̀rọ̀. "Ìkòkò dúdú tó wà lọ́wọ́ òsì" ò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

"c." tàbí "ca." tó bá ṣáájú ọdún, "nǹkan bí" ló túmọ̀ sí, nítorí náà ẹ má fi c. 1850 búra. Ibi tí wọ́n ti rí nǹkan kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ibi tí wọ́n ti ṣe é: owó ẹyọ fàdákà tí àgbẹ̀ hú nínú oko lè ti la òkun kọjá kó tó débẹ̀. Orúkọ ẹni tó fi nǹkan tọrẹ náà ní ohun tó ń sọ. Ilé tó ní àpótí àti àjà ni nǹkan ti ń pẹ́, ìyẹn ni ṣíbí olówó ṣe pọ̀ níbẹ̀ ju ọkọ́ alágbàṣe lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alágbàṣe ló pọ̀ jù nílùú.

Èwo ló kàn? Ìkarùn-ún tàbí ìkẹfà, ẹ̀yin ẹ ṣáà máa kà á lọ.

Yàrá aṣọ àti ìwé máa ń ṣókùnkùn, àlejò á sì máa kùn pé wọ́n ń ṣahun iná. Nǹkan bí 50 lux (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ni lux) ni wọ́n sábà máa ń fi ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ mọ sí, torí ìmọ́lẹ̀ ń jẹ àwọ̀, èyí tó bá sì ti jẹ kì í padà bọ̀ sípò. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ojú yín lè mọ́ra. Ẹ pa fíláàṣì: tó bá kan gíláàsì, ojú yín ló máa padà bọ̀ sí. Ẹ gbé fóònù sún mọ́ gíláàsì, kẹ́ ẹ dà á gẹ̀rẹ́ díẹ̀. Aṣọ dúdú lọ́rùn yín á tún dín òjìji yín tó ń hàn nínú gíláàsì kù.

Ẹ má fọwọ́ kan irin. Iyọ̀ àti òróró àtẹ́lẹwọ́ á jẹ́ kó dógùn-ún lójú ibi tí ìka yín dé.

Ẹ gbé àpò ẹ̀yìn síwájú.

Ọmọdé? Ẹ má fà wọ́n láti àpótí dé àpótí. Ẹ ní kí wọ́n wá nǹkan mẹ́ta: ohun tí iná ti jó rí, ohun tí wọ́n ti tún ṣe rí, ohun tí ẹnì kan gbẹ́ orúkọ sí lára. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa padà máa wá èyí tí wọ́n tún ṣe.

Mùsíọ́mù ìta gbangba, irú Skansen tí Artur Hazelius ṣí ní Stockholm, ní Sweden, ní 1891, ní àṣìṣe tirẹ̀. Ilé odidi ni wọ́n tú tí wọ́n sì tún kọ́ síbẹ̀, àwọn èèyàn á wá máa tò ó láti ẹnu géètì. Nígbà tí wọ́n bá fi dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, iná ẹwìrì ti kú. Ẹ wo aago iṣẹ́ lára pátákó kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kan, kẹ́ ẹ fi ìyẹn to ìrìn yín. Bàtà tí ẹ kò tíì wọ̀ rí ò yẹ irú ibẹ̀.

Ohun tó kù ni yàrá ìkópamọ́. Díẹ̀ lára ẹrù mùsíọ́mù ló máa ń wà níta, ìyẹn ni pé ohun tẹ́ ẹ wá lè wà lẹ́yìn ògiri. Àmọ́ ẹ má débi tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún yín. Ẹ kọ̀wé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wò àti ìdí rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá ti rí lára lébẹ̀ẹ̀lì. Pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ mú dání. Wọ́n á gba bírò lọ́wọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà.