Ojú Mi Rí Tó Nítorí Orúkọ Package

Orúkọ tí package Python wa (àkójọ kóòdù tí àwọn ẹlòmíràn ń pè wọ inú iṣẹ́ wọn) ń jẹ́ jọ ti ẹlòmíràn jù, ni wọ́n bá ní ká yí i padà. Èyí tó ń bí mi nínú títí di ìsinsìnyí ni pé gbogbo àwọn tó dá àbá náà ló ń sọ pé kò le rárá: ká sáà wá orúkọ àtijọ́ nínú àwọn fáìlì, ká fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ àwọn tó ń lò ó bẹ̀rẹ̀ sí í dojú rú, mi ò rí ẹnì kankan nínú wọn mọ́.

Git mv láti yí orúkọ fódà padà, pyproject.toml níbi tí orúkọ package wà, ẹ mọ gbogbo ìyẹn. PyPI, ibi tí gbogbo ayé ti ń gba package Python, kì í sì í yí orúkọ padà fúnni. Ẹ ó gbé e jáde lórúkọ tuntun, ẹ ó wá sọ ti àtijọ́ di èèpo lásán tí kò ní iṣẹ́ méjì ju kó pe tuntun wọlé lọ. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí mo fi parí ìyẹn.

Èèpo yẹn ló wá sọ mí di aláìsùn. Ẹ jẹ́ ká pe orúkọ méjèèjì ní `ogbo` àti `otun`. Mo darí `__path__` ti `ogbo` (ibi tí Python ti ń wá àwọn fáìlì inú package) sí fódà `otun`, kí `import ogbo.errors` lè máa ṣiṣẹ́ lọ. Gbogbo test wa kọjá. Ni ẹnì kan bá kọ̀wé pé `except` òun, ìlà tó yẹ kó máa gba àṣìṣe package wa mú, kò mú àṣìṣe kankan mọ́. Mo wo kóòdù rẹ̀ tòkè tilẹ̀, kò sí ibi tó kù sí. Mo yẹ orúkọ class àṣìṣe náà (irú tí Python kà á sí) wò, bákan náà ni. Mo yẹ `__file__` wò, fáìlì kan náà ni! Ó pẹ́ kí n tó ronú kan `id()`, tó ń sọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ohun kọ̀ọ̀kan, ni nọ́ńbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá jáde.

Àṣé orúkọ ni Python fi ń tọ́jú module (fáìlì kóòdù tó ti kà) sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, `sys.modules`, kì í ṣe fáìlì. Tí ẹ bá gba orúkọ méjì dé ìdí fáìlì kan, yóò kà á lẹ́ẹ̀mejì, class méjì ni yóò sì bí. Ìbejì ni wọ́n: ojú kan náà, ṣùgbọ́n ẹ pe Táíwò, Kẹ́hìndé ò ní dáhùn.

Mo pa `__path__` tì, mo kọ finder kan, ìyẹn ohun tó ń bá Python wá module, sínú `sys.meta_path`, ibi tí Python ti ń ké sí àwọn finder. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè `ogbo.errors`, module `otun.errors` gan-an ni yóò gbé fún un. Ẹ ṣọ́ra níbí o: importlib, ẹ̀ka Python tó ń pe module wọlé, á kọ `__spec__` (àkọsílẹ̀ orúkọ module àti ibi tó ti wá) ti àtijọ́ lé module tuntun lórí, ẹ tọ́jú ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì dá a padà nínú `exec_module`, ìpele tó kẹ́yìn nínú ìpewọlé náà. Àwọn fáìlì pickle ọjọ́un náà (ohun inú Python tí wọ́n tọ́jú sínú fáìlì) bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, torí orúkọ module wà nínú wọn. Kóòdù náà kò pọ̀ rárá, mo sì ń fi yangàn.

Ẹ má gbàgbé logging, àkọsílẹ̀ ohun tí kóòdù ń ṣe. `getLogger(__name__)` ti di orúkọ tuntun, ètò tí àwọn èèyàn ṣe sórí ti àtijọ́ á kàn dákẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti ìkìlọ̀, Python kì í fi `DeprecationWarning` (ìkìlọ̀ pé ohun kan ń kógbá lọ) han èèyàn àfi inú `__main__`, fáìlì tí èèyàn fúnra rẹ̀ ń ṣí ṣiṣẹ́, nítorí náà `FutureWarning`, tí kì í fara pamọ́ bẹ́ẹ̀, ni mo lò. Ẹ̀hónú tó tún wọlé ni pé ìkìlọ̀ náà ń pariwo jù. Mi ò yọ ọ́.