Ìgbà 30 lábẹ́ ìbòjú

Orí fífọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àárọ̀ nìkan sì ni. Bí mo bá ti dìde báyìí, yóò bẹ̀rẹ̀, màá bì, tó bá fi máa di ọ̀sán ara á ti yá. Mo ń pè é ní àárẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ tí gìrì gbé mi ṣánlẹ̀ lójú àwọn ọmọ ni ìyàwó mi ní òun ò fẹ́ gbọ́ àárẹ̀ mọ́. Àwòrán MRI fi kókó kan hàn nínú ọpọlọ mi lápá ọ̀tún. Wọ́n ṣí agbárí, wọ́n yọ èyí tí ọwọ́ tó. Ìyókù sún mọ́ ibi tó ń darí ọwọ́ òsì mi jù. Ìtànṣán láti inú ẹ̀rọ ni wọ́n ní yóò bá ìyẹn jà: ìgbà 30, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, ọ̀sẹ̀ 6 gbáko.

Iṣẹ́ abẹ kò ní ìtàn kankan, oorun ni mo sùn. Ìbòjú ni kí n sọ. Wọ́n ti ike pẹlẹbẹ kan bọ omi gbígbóná títí ó fi rọ̀, wọ́n wá fà á bò mí lójú, ó lọ́ wọ́rọ́, ó sì rin. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti le, ó ti gba àwòrán imú àti àgbọ̀n mi. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fi í de orí mi mọ́ tábìlì kí ó má bàa yẹ̀ rárá, torí ojú kan náà ni ìtànṣán gbọ́dọ̀ máa bà. Nígbà tí mo bá fi jáde, àwọn ihò rẹ̀ á ti tẹ̀ mọ́ iwájú orí mi bí asẹ́.

Lọ́jọ́ kìíní, gbogbo wọn jáde, ilẹ̀kùn pa dé, àyà mi já. Mo nawọ́ sókè kí wọ́n wá tú mi.

Ìyá mi ló fún mi ní ọgbọ́n. Wọ́n ní, "Ṣé wàá kàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀ máa bẹ̀rù ni? Máa dárúkọ wa fún Ọlọ́run níkọ̀ọ̀kan." Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyá mi fúnra wọn, ó kan ìyàwó mi, àwọn àbúrò mi, títí dé àbíkẹ́yìn mi. Tí mo bá dé orí rẹ̀, ẹ̀rọ á dákẹ́. Lọ́jọ́ kan ẹ̀rọ dúró nígbà tí mo wà lórí àbúrò mi kejì, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún orí mi tò. Mo padà sórí ìyá mi. Àdúrà méjì ló kan ìyá mi lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá mi yìí kan náà tí ń jí gbàdúrà ní aago 3 òru ni yóò kọ́kọ́ béèrè bóyá mo ti lo oògùn.

Èyí tí wọ́n fún mi kí ọpọlọ má bàa wú ló yọ mí lẹ́nu jù. Mò ń jẹun ṣáá, mi ò rí oorun sùn, mo sì ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ìyàwó mi ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan: wákàtí tí mo lo hóró kọ̀ọ̀kan, wákàtí tí mo sùn. Ó gbé e lọ bá dókítà, wọ́n bá fa oògùn náà sí àárọ̀, mo sì rí oorun díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi dín in kù. Wọ́n kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì.

Irun mi re, ṣùgbọ́n ibi tí ìtànṣán ń gbà wọlé nìkan ni. Àkọ́bí mi ní ó dà bíi pé wọ́n fi rọ́bà pa á rẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin mo ṣàkíyèsí pé mo ti ń dárúkọ tán kí ẹ̀rọ tó dákẹ́. Mi ò mọ ìgbà tí ẹ̀rù lọ. Mo bá fi àwọn obìnrin méjì tó ń de ìbòjú mọ́ mi kún un.

Oṣù kan lẹ́yìn ìtànṣán tó kẹ́yìn, wọ́n tún ya àwòrán. Èyí tó kù ṣì wà níbẹ̀, kò dàgbà. Dókítà ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù 3. Ìyàwó mi ti kọ ọ́ sínú ìwé kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán.