Ajá Tó Ń Rù: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Yín

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í gbé ajá tó ti rù kan eegun wá bá èmi dókítà ẹranko l'Abẹ́òkúta níbí, láti Ọbántokò, láti Adígbẹ́, láti Àṣẹ̀rò. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, owó tí wọ́n ti ná sórí oògùn tí kò kan àìsàn náà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra ajá mìíràn. Inú mi kì í dùn sí i rárá, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Àṣìṣe kìíní: ẹ kì í wọn ajá yín. Ojú tó ń rí ajá lójoojúmọ́ kì í tètè mọ̀ pé ó ń jò, àgàgà bí irun rẹ̀ bá pọ̀. Ẹ gbé e mọ́ra, ẹ gun ìwọ̀n, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ̀yin nìkan tún gùn ún, kí ẹ yọ ìyẹn kúrò. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ lóṣooṣù. Bí ajá oníkílò 30 bá di 27, tí ẹ kò sì dín oúnjẹ rẹ̀ kù, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà ẹranko. Ẹ tún máa fọwọ́ pa á níhàá. Ó yẹ kí ọwọ́ yín kan egungun ìhà lábẹ́ ẹran díẹ̀. Kò yẹ kí èèyàn dúró lókèèrè máa kà á.

Ìkejì: ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀ nìkan kò lè gbé ajá ró. Ẹ fi ẹja, ẹyin tàbí ẹran sí i.

Ìkẹta ló ń dùn mí jù. Ajá rù, "aràn ni." Wọ́n á ra oògùn aràn ní Kútọ̀, kò ràn án, wọ́n á ra òmíràn ní Ìtòkú. Aládùúgbò á ní abẹ́rẹ́ ló dáa, ẹni tó ń ta oògùn adìyẹ á sì fa ivermectin, oògùn tó ń pa aràn àti kòkòrò ara, fún wọn láì béèrè iye kílò tí ajá náà wọ̀n. Ivermectin tó bá pọ̀ jù lè fọ́ ajá lójú, ó lè mú un gbọ̀n, ó lè pa á. Irú ajá bíi Collie kò tilẹ̀ nílò púpọ̀ kó tó ṣe é léṣe.

Òótọ́ ni pé aràn wà. Èyí tó ń kọ́ ìfun, tó ń mu ẹ̀jẹ̀, ń pa ọmọ ajá. Láti ọ̀sẹ̀ 2 ló ti yẹ kí ọmọ ajá máa gba oògùn aràn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí àgbà ajá sì máa gbà á ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Àmọ́ bí ẹ bá ti fún un bó ṣe yẹ, tí a yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò tí a kò rí aràn, kí lẹ tún ń ra oògùn aràn ṣe?

Bàbá kan gbé German Shepherd wá, ajá ọmọ ọdún méjì. Ó ń jẹun bí ẹni tí kò jẹun rí, ó ń jẹ ìgbẹ́ ara rẹ̀ pàápàá, síbẹ̀ egungun ìbàdí rẹ̀ ti yọ síta. "Dókítà, kò sí oògùn aràn tí n kò tíì fún un l'Abẹ́òkúta yìí." Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n rí ìgbẹ́ rẹ̀." Ó pọ̀ rẹpẹtẹ, ó rọ̀, ọ̀rá ń dán lára rẹ̀, ó sì ń rùn kíkan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé pancreas rẹ̀, ẹ̀yà ara kan nínú ikùn, kò ṣe omi tó ń lọ oúnjẹ mọ́. Oúnjẹ ń wọlé, ó ń jáde, ara kò rí nǹkan kan mú. Àìsàn yìí wọ́pọ̀ nínú ìran German Shepherd. Pancreas màlúù tútù láti ibi ìpẹran Láfẹ́nwá la gé wẹ́wẹ́ sínú oúnjẹ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Títí ayé rẹ̀ ni yóò máa jẹ ẹ́. Oògùn aràn wo ni ì bá ṣe ìyẹn?

Eégbọn ńkọ́? Ẹ ń já a dànù, ẹ ò bi ara yín pé kí ló ti fi sínú ẹ̀jẹ̀ ajá. Eégbọn ló ń kó babesia àti ehrlichia, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹ̀jẹ̀, ràn án. Ẹ ṣí ètè rẹ̀ sókè. Bí èrìgì bá ti funfun, tí ìtọ̀ sì dúdú bíi kọfí, ẹ má dúró di ọ̀la. Bí ojú bá ń ṣú, tí ibà ń lọ tó ń bọ̀, ó lè jẹ́ kòkòrò tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Inú ẹ̀jẹ̀ la ti ń rí gbogbo èyí.

Ajá tó ń mu omi ní àmujù, tó ń tọ̀ ṣáá, tó sì ń rù: àtọ̀gbẹ tàbí kíndìnrín la máa kọ́kọ́ wò. Àgbà ajá tó ń lọ sídìí àwo tó ń padà: ẹ wo eyín rẹ̀. Ẹ má fún un ní ibuprofen tàbí paracetamol inú ilé yín o.

Bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, tàbí ẹ ń lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko FUNAAB, yunifásítì ètò ọ̀gbìn l'Alábàtà, ẹ bu ìgbẹ́ àárọ̀ ọjọ́ náà sínú ọ̀rá tó mọ́. Èyí tí oòrùn ti gbẹ kò wúlò. Kí ẹ sì kó páálí gbogbo oògùn tí ẹ ti fún un dání, títí kan èyí tí ojú ń tì yín láti fi hàn wá.