Bí Mo Ṣe Tú Pákó Lamínéètì Ilẹ̀ Yàrá, Tí Mo sì Tún Un Tò

Etí àwọn pákó náà ò dọ́gba mọ́. Téèyàn bá fi ẹsẹ̀ lásán rìn, á máa kọ ibi tí ọ̀kan ti ga ju èkejì lọ. Láàárín yàrá, pákó á rì díẹ̀, á sì dún. Àwọn kan ní kí n fi òòlù gbá a wọlẹ̀. Mi ò gbà. Fọ́nrán igi tí wọ́n fún pọ̀ ló wà nínú lamínéètì, eyín tó so ọ̀kan mọ́ èkejì sì tẹ́ẹ́rẹ́. Òòlù látòkè á kán an ni.

Mo kọ́kọ́ yọ pákó ẹsẹ̀ ògiri. Àṣé pákó ilẹ̀ ti fẹnu ko ògiri! Ọ̀rinrin máa ń mú kí lamínéètì fẹ̀. Bí kò bá ráyè lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, òkè ló máa gbà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àlàfo mílímítà 8 sí 10 wà yíká.

Ìlà tí wọ́n tò kẹ́yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Mo gbé e dàgẹ̀rẹ̀ sókè, ó sì jáwọ́. Mo kọ nọ́ńbà sẹ́yìn pákó kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fo èyí o, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn àlọ́ àpamọ̀.

Abẹ́ fóòmù tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ pákó gan-an niṣẹ́ wà. Mo fi irin gígùn tó tọ́ lélẹ̀ káàkiri: láàárín mítà 2, bí àyè abẹ́ rẹ̀ bá ju mílímítà 3 lọ, ilẹ̀ ò tẹ́jú tó. Mo ha ibi tó yọ gọngọ, mo da sìmẹ́ńtì olómi tó ń tẹ́jú fúnra rẹ̀ sínú kòtò, mo sì jẹ́ kó gbẹ dénú. Ẹnìkan dámọ̀ràn fóòmù ìlọ́po méjì dípò gbogbo wàhálà yìí. Èyí tó burú jù nìyẹn, torí pé bí abẹ́ bá rọ̀ jù, eyín pákó á máa tẹ̀, á sì kán.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá inú eyín kọ̀ọ̀kan, nítorí iyanrìn bíńtín tó lè má jẹ́ kó pàdé. Àwọn tí etí wọn ti wú nítorí omi, mo jù wọ́n nù. Wọn kì í padà sípò.

Nígbà tí mo ń tò ó padà, mo fi ègé igi pẹlẹbẹ há àárín pákó àti ògiri, mo sì gé ìlà ẹ̀gbẹ́ ògiri kí àlàfo lè wà. Ibi tí orí pákó méjì ti pàdé nínú ìlà kan ò gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ti ìlà tó tẹ̀ lé e. Mo fi sẹ̀ǹtímítà 30 ó kéré tán sáàárín wọn. Bí eyín kan bá kọ̀ tí kò wọlé, mo fi igi ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo wá fi òòlù kan igi náà jẹ́jẹ́.

Pákó ẹsẹ̀ ògiri ló kẹ́yìn. Ara ògiri ni mo kan ìṣó rẹ̀ mọ́, kì í ṣe ara pákó ilẹ̀, kí ìyẹn lè máa fẹ̀ kó sì máa sún kì bó ṣe wù ú.