Géèjì ń gòkè nígbà tí a ò lo sítíìmù, ṣé règúlétọ̀ ló bàjẹ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n. Lọ́ńdírì hòtẹ́ẹ̀lì ni mo wà, báà 7 (báà ni wọ́n fi ń wọn agbára sítíìmù) ni bọ́ílà wa ń gbé wá, règúlétọ̀ á wá sọ ọ́ di 4 fún àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń lọṣọ. Tí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́ kò sí wàhálà, àmọ́ tí a bá ti dúró jẹun ọ̀sán báyìí, géèjì á máa rọra gòkè títí sáfétì fáàfù (èyí tó ń tú sítíìmù jáde tó bá ti pọ̀ jù) á fi máa pariwo ṣììì. Mo ti tú sùkúrù ẹ̀ sílẹ̀ títí ó ti sú mi. Àbí sípíríǹgì ẹ̀ ló ti kú?

Ìdáhùn: Àbúrò, fi sùkúrù yẹn sílẹ̀ jàre. Sípíríǹgì ló ń ṣí ilẹ̀kùn kékeré tó wà lára règúlétọ̀, sítíìmù tó bá gba ibẹ̀ ló ń lọ ṣí ilẹ̀kùn ńlá, èyí tó bá sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀rọ yín á gba páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan padà wá ti sípíríǹgì yẹn lójú. Tẹ́ ẹ bá dúró iṣẹ́, ó yẹ kó pa dé pinpin ni. Tí ò bá pa dé, nǹkan ń jò nìyẹn.

Báípáàsì, ìyẹn páìpù tí sítíìmù lè gbà yí règúlétọ̀ kọjá, ni kó o kọ́kọ́ wò: pa fáàfù iwájú àti ẹ̀yìn règúlétọ̀, tí géèjì ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ bá ṣì ń gòkè, báípáàsì ló ń jò. (Èmi ti tú odidi règúlétọ̀ palẹ̀ rí, mo fọ̀ ọ́ tán kó tó yé mi.) Tí kì í bá ṣe ìyẹn, á jẹ́ pé páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ti dí, tàbí ìdọ̀tí ló há sójú ilẹ̀kùn. Sítíìmù gbọ́dọ̀ tán nínú ẹ̀ kó o tó fi sípánà kàn án o!

Ìbéèrè: Ẹ ṣé sà. Ìpẹtà tín-ín-tín ló há síbẹ̀ lóòótọ́! Báwo ni kí n ṣe wá sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ padà?

Ìdáhùn: Fọ asẹ́ iwájú ẹ̀ náà, ibẹ̀ ni ìpẹtà yẹn gbà kọjá. Tú sípíríǹgì sílẹ̀ pátápátá, rọra ṣí fáàfù ọ̀dọ̀ bọ́ílà, jẹ́ kí ẹ̀rọ kan máa lo sítíìmù, kó o wá máa yí sùkúrù sápá ọ̀tún díẹ̀díẹ̀, dúró kí géèjì fìdí kalẹ̀ kó o tó tún yí i. Tó bá dé 4, fún nọ́ọ̀tì ẹ̀ pa. Tẹ́ ẹ bá pa gbogbo ẹ̀rọ, ó lè gòkè díẹ̀ kó sì dúró, ìyẹn ò kí ń ṣe àìsàn.