Bí mo ṣe yẹ òpó ilé kan wò nítorí ìmìtìtì ilẹ̀

Ilé alájà mẹ́rin ni, ní Los Angeles, ọdún 1964 ni wọ́n kọ́ ọ. Ọkọ̀ ló wà nísàlẹ̀, àwọn èèyàn ń sùn lókè. Láti 2015 ni ìlú náà ti ṣòfin pé kí wọ́n yẹ irú ilé kọnkéré àtijọ́ bẹ́ẹ̀ wò, bóyá yóò lè dúró bí ilẹ̀ bá mì tìtì. Wọn ò gbàgbé 1971, nígbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ San Fernando fọ́ òpó ìsàlẹ̀ ilé ìwòsàn Olive View tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, tí wọ́n fi wó o nígbẹ̀yìn.

Pílánù ni mo kọ́kọ́ kà. Ó ní íǹṣì 12 ló wà láàárín ríńgì kan sí èkejì, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí àwọn irin gbọọrọ inú òpó ká. Íǹṣì 12 pàápàá ti jìnnà jù. Mo gbé ẹ̀rọ tó ń wá irin, mo ń wọ́ ọ lára òpó díẹ̀díẹ̀, ibi tó bá ti ké, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà. Ìsàlẹ̀ bá pílánù mu. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi kan lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú. Èsì rẹ̀ ò pẹ́: "Àbúrò, gun àkàbà o. Òkè ni kí o wò."

Mo gùn ún. Lábẹ́ dẹ́kìn gan-an, níbi tó yẹ kí ríńgì ti sún mọ́ra jù lọ, íǹṣì 24 ni mo wọ̀n. Wọ́n fo ríńgì kan níbẹ̀, kọnkéré sì bo àṣírí náà láti 1964.

Mo gba àṣẹ, mo gbẹ́ igun òpó. Ẹnu ríńgì kàn ṣẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ni, wọn ò tẹ̀ ẹ́ wọnú àárín. Bí ìgbà tí èèyàn di ìdì igi tí kò ta okùn ní kókó ni. Bí ilẹ̀ bá mì, kọnkéré ìta á bọ́, ẹnu ríńgì á là, irin gbọọrọ á wú síta, òpó á sì fọ́ tòun ti ẹrù tó wà lórí rẹ̀.

A gé kọnkéré róbótó mẹ́ta jáde, ẹ̀rọ fún un títí tó fi fọ́: ó le ju ohun tí pílánù béèrè lọ. Inú onílé dùn. Mo ní láti ṣàlàyé fún un pé òpó líle tí ríńgì ò há mọ́ra kì í kìlọ̀ kó tó fọ́.

Òfin fún un ní ọdún 25 láti parí àtúnṣe. Ó pẹ́ jù lójú tèmi. Ojú ewé àkọ́kọ́ ìròyìn àyẹ̀wò mi ni mo kọ ọ́ sí pé òpó mẹ́fà iwájú ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi irin wé. Mo fi sìmẹ́ńtì dí igun tí mo gbẹ́, ṣùgbọ́n mi ò pa ìlà ṣọ́ọ̀kì rẹ́, kí àwọn tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ lè rí i.