Káàdì, sítáńpù, òǹtẹ̀: bí mo ṣe ṣe káàdì Mary Seacole tèmi

Sísítà àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa fẹ́ fẹ̀yìn tì lóṣù karùn-ún 2025. Ọmọ Jàmáíkà ni, òun ló kọ́kọ́ sọ ìtàn Mary Seacole, nọ́ọ̀sì ọmọ Jàmáíkà ayé àtijọ́ tó tọ́jú àwọn sọ́jà lójú ogun, fún mi lóru ọjọ́ kan tí àwọn aláìsàn ti sùn tán tí àwa méjèèjì jókòó ti tíì. Nígbà tí àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wá ń dáwó òdòdó àti ṣokoléètì, mo dá tèmi o, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀, mo fẹ́ fún un ní nǹkan tí ò ní rọ, tí èèyàn ò sì lè wọ ṣọ́ọ̀bù kó kàn rà á. Ibẹ̀ ni mo ti rántí nǹkan tí bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń ṣe. Bàbá Onísítáńpù la máa ń pè wọ́n, wọ́n ti wà ní London kí wọ́n tó bí mi, àwọn álíbọ́ọ̀mù wọn kún yàrá kan dé òkè.

Maximum card lorúkọ nǹkan náà. Ẹ máa mú pósíkáàdì kan, ẹ máa wá sítáńpù tó ní àwòrán ohun kan náà tó wà lára pósíkáàdì yẹn, ẹ máa lẹ sítáńpù yẹn mọ́ ojú àwòrán, kì í ṣe ẹ̀yìn tá a ti ń kọ àdírẹ́sì o, ojú àwòrán gan-an, lẹ́yìn náà ẹ óò gbé e lọ sí pósọ́fíìsì kí wọ́n lù ú lóǹtẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò sì tíì tán síbẹ̀ torí òǹtẹ̀ náà gbọ́dọ̀ bá àwòrán tan, ìlú tó wà lára òǹtẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ohun náà kàn, ọjọ́ tó wà lára ẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ìdí. Bí ọ̀kan ò bá bá ìyókù mu, káàdì lásán tí wọ́n lẹ sítáńpù mọ́ ni.

Mo sáré. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo ti lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ ra káàdì Mary Seacole kan tó rẹwà gan-an. PHQ card ni. Ṣé ẹ rí i, Royal Mail, iléeṣẹ́ tó ń pín lẹ́tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fúnra wọn ló máa ń tẹ ẹ̀ jáde, láti 1973 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ti W. G. Grace tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ni àkọ́kọ́, àwòrán sítáńpù gan-an ni wọ́n sì máa ń tẹ̀ sójú ẹ̀ ní ńlá. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, inú mi ń dùn, mo ní kí Bàbá wò ó lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n bọ́ gíláàsì wọn, wọ́n gbé káàdì súnmọ́ ojú.

"Nọ́ọ̀sì, kí lo rí níbí?"

"Mary Seacole ni, sà."

"Rárá, sítáńpù ńlá ni. O wá fẹ́ lẹ sítáńpù kékeré mọ́ sítáńpù ńlá. Àwòrán tí ayàwòrán yà ni kó o lọ wá, kì í ṣe ẹ̀dà ẹ̀dà."

Wọ́n wá jókòó, wọ́n là á yé mi. Pósíkáàdì yẹn gbọ́dọ̀ dá dúró fúnra ẹ̀, kó dára kó ti wà lórí àtẹ kí sítáńpù tó jáde pàápàá, kó sì fi nǹkan hàn ju èyí tí sítáńpù fi hàn lọ, torí sítáńpù máa ń gé àwòrán kù. Ẹ ò gbọ́dọ̀ gé àwòrán oríṣiríṣi lẹ̀ pọ̀. Ìwọ̀n náà ní òfin, kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 105 sí 148 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ kéré ju 90 sí 140. Sítáńpù kan ṣoṣo náà ni, ẹ má lẹ méjì kó lè lẹ́wà. Bàbá fún mi ní rúlà kékeré kan kí n máa mú un dání, mo ṣì ní in nínú báàgì di báyìí.

Wàyí o, àwòrán tó wà lára sítáńpù yẹn. Èmi ò mọ ìtàn ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì mú mi lọ́kàn débi pé mo pẹ́ sùn lálẹ́ ọjọ́ tí mo kà á. Albert Charles Challen ló yà á ní 1869, kò tóbi rárá, sẹ̀ǹtímítà 24 sí 18, orí pákó ni wọ́n ya ọ̀dà sí. Obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ti dàgbà, ó so síkáàfù pupa mọ́rùn, mẹ́dàlì mẹ́ta wà láyà ẹ̀. Pákó náà sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Níbi tí wọ́n ti wá rí i, ńṣe ni wọ́n fi ti ẹ̀yìn àwòrán mìíràn nínú férémù, ojú ẹ̀ kọ sí inú, àwọn èèyàn ń wo àwòrán tó wà níwájú, wọn ò mọ̀ pé ìyá yìí wà lẹ́yìn. Ní 2005 ni National Portrait Gallery, gálẹ́rì tí wọ́n ń pàtẹ àwòrán àwọn èèyàn olókìkí sí ní London, gbé e síta fún aráyé, igba ọdún géérégé lẹ́yìn tí wọ́n bí i ní Kingston ní 1805.

Ìyá tó bí Mary gan-an jẹ́ ẹni tó mọ ewé tó mọ egbò, tó ń tọ́jú àwọn sọ́jà tó ń ṣàìsàn nílé tí wọ́n ń dé sí lọ́dọ̀ ẹ̀, lọ́wọ́ ẹ̀ ni ọmọ ti kọ́ṣẹ́. Ìyá màmá mi náà ṣe irú ẹ̀ nílé, n ò lè ka ibẹ̀ kí n má rántí wọn àti ìkòkò àgbo wọn. Nígbà tí ogun Crimea ń lọ, Mary wá sí London pé kí wọ́n gba òun síṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọn ò gbà á, ó fi owó ara ẹ̀ wọkọ̀ lọ ní 1855, ó dá ilé kan sílẹ̀ nítòsí Balaclava, ó ń ta oúnjẹ, ó ń tọ́jú ọgbẹ́. Ó padà wá sí London, gbèsè ti wọ ọ́ lọ́rùn.

Sítáńpù ẹ̀ jáde lọ́jọ́ 18 July 2006, nígbà tí gálẹ́rì yẹn pé 150 ọdún. Mẹ́wàá ni wọ́n, kíláàsì kìn-ín-ní ni gbogbo wọn, Shakespeare wà níbẹ̀, Darwin, Churchill, Virginia Woolf, Emmeline Pankhurst. Cicely Saunders náà wà níbẹ̀, òun ló dá ilé ìtọ́jú àwọn tó ń kú lọ sílẹ̀ ní 1967, nọ́ọ̀sì lòun náà kó tó di dókítà. Nínú èèyàn mẹ́wàá, méjì jẹ́ nọ́ọ̀sì bíi tiwa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sinmi lórí ìyẹn díẹ̀, inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí pé sítáńpù 2006 ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, torí gbogbo àwa tá à ń gbé níbí la rántí bí Royal Mail ṣe ní ká kó sítáńpù tí kò ní báàkóòdù wá pààrọ̀ ní 2023. Ti orí Queen lásán àti ti Kérésìmesì ni wọ́n fòfin dè. Àwọn sítáńpù ìrántí tó ní àwòrán bíi irú èyí ṣì ń ṣiṣẹ́ bó ti wà. Mo ra mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó ń ta sítáńpù, wọn ò tíì lò wọ́n rí, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn wọn ṣì wà pátápátá. Bí ẹ bá máa ṣe tiyín, ẹ má ra ẹyọ kan o. Ẹ óò rí ìdí ẹ̀ níwájú.

Pósíkáàdì ló pẹ́ jù. Mo lọ sí ọjà Sátidé tó wà ní Charing Cross, níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ owó ẹyọ àti sítáńpù àti káàdì àtijọ́, mo yẹ àpótí wò títí ẹsẹ̀ ń ro mí. Ọkùnrin kan ní ohun gbogbo, Queen, Charles, ọkọ̀ ojú irin, ológbò, kò ní Mary. Lọ́sẹ̀ kejì ni mo rí káàdì gálẹ́rì yẹn lọ́wọ́ ìyàwó kan tó ń ta ti iṣẹ́ ọnà, mẹ́ta ló kù, mo kó gbogbo ẹ̀. Mo yọ rúlà Bàbá: 105 sí 148 géérégé. Gbogbo àwòrán Challen ló wà lójú ẹ̀, wọn ò gé nǹkan kan kúrò.

Ó wá ku ibo àti ọjọ́ wo. Pósọ́fíìsì tó wà nítòsí ilé mi kọ́ ló yẹ kí n gbé e lọ, Bàbá ti kìlọ̀ fún mi, àwòrán tí wọ́n bá yà, ibi tí wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí ni òǹtẹ̀ ẹ̀ ti yẹ kó wá, ìyẹn ni pé àdúgbò gálẹ́rì. Ní ti ọjọ́, àwọn tó ń gbé káàdì lọ síbi ìdíje máa fẹ́ kí ó súnmọ́ 18 July 2006 tí sítáńpù jáde, ìyẹn ti kọjá lọ, èmi ò sì ṣe é fún ìdíje. Mo mú 14 May, ọjọ́ tó kú ní London ní 1881. Ọjọ́rú ló bọ́ sí ní 2025, pósọ́fíìsì máa ṣí, mo sì tọrọ ááfù lọ́jọ́ náà.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo lẹ sítáńpù mọ́ ọn. Ẹ má fi ahọ́n lá a, kì í gún. Mo fi fóòmù tó tutù díẹ̀ kan ẹ̀yìn ẹ̀, mo gbé e sí igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí àwòrán ti ṣókùnkùn tí ò sí nǹkan kan níbẹ̀, kó má baà bo ojú ẹ̀ tàbí mẹ́dàlì. Mo fi ìwé ńlá tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ di àárọ̀.

Pósọ́fíìsì kan tó wà nítòsí gálẹ́rì náà ni mo lọ, mo dé láago mẹ́sàn-án ààbọ̀ kí èrò tó pọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní káńtà ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí. Mo fi fóònù mi hàn án, mo ṣàlàyé pé òǹtẹ̀ roboto tó ní orúkọ ọ́fíìsì àti ọjọ́ nínú ni mo fẹ́, kí ìdajì wà lórí sítáńpù kí ìdajì wà lórí káàdì, kó so àwọn méjèèjì pọ̀. Ó ní kò burú. Ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ yíǹkì lẹ́ẹ̀mejì, ó fi agbára gbá a mọ́lẹ̀, nígbà tó gbé e kúrò, yíǹkì ti pọ̀ jù, nọ́ńbà ọjọ́ ti di àbàwọ́n dúdú. Ojú káàdì yẹn ń dán, yíǹkì kì í tètè gbẹ lórí ẹ̀, etí aṣọ ẹ̀ tún wá fà á kọjá sí ojú ìyá. Ọkàn mi já. Kò mọ̀ọ́mọ̀ o, ó bẹ̀ mí dáadáa, àmọ́ káàdì kan ti lọ nìyẹn.

Mo ní kó jọ̀ọ́ kó dúró ná. Mo mú bébà lásán nínú báàgì, mo ní kó máa lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀ láìfi kan yíǹkì mọ́. Ẹ̀kíní dúdú, ẹ̀kejì dúdú, ẹ̀kẹta ló mọ́ tónítóní, gbogbo lẹ́tà jáde. Mo ní ẹ̀kẹta yẹn ni kó máa bá lọ. Mo fi páálí tẹ́ abẹ́ káàdì kejì kí tábìlì má gbọ̀n ọ́n, mo fi ìka hàn án ibi tí mo fẹ́ kó bọ́ sí, ó gbé òǹtẹ̀ lé e jẹ́jẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sókè tààrà láìyí ọwọ́. Ọjọ́ náà jáde, 14 MAY 2025, ìlà òǹtẹ̀ gba etí sítáńpù kọjá bọ́ sórí àwòrán. Mi ò mọ̀ pé mo ti pariwo. Ìyá àgbà kan tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo fi hàn án, ó ní òun náà fẹ́ rí i dáadáa, gbogbo wa jọ ń wò ó. Káàdì kẹta náà jáde dáadáa.

Ẹ má tò wọ́n léra lójú ẹsẹ̀. Mo di wọ́n mú ní etí-etí bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀ tó kún, mo lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Trafalgar Square fún bíi wákàtí kan, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí wọn. Lẹ́yìn náà ni mo wọ gálẹ́rì, ọ̀fẹ́ ni, mo sì gbé káàdì síwájú àwòrán gan-an kí n lè fi wọ́n wéra. Pupa ara síkáàfù yẹn jinlẹ̀ ju ti káàdì lọ.

Lọ́jọ́ tí sísítà máa kúrò, mo fún un nínú àpòòwé lásán, mi ò kọ nǹkan kan sẹ́yìn ẹ̀. Ó wo ojú, ó wo sítáńpù, ìka ẹ̀ wá lọ síbi òǹtẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ tó kú." Òun náà ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ó ní ọmọ òun ló máa jogún ẹ̀, nọ́ọ̀sì lòun náà.

Èyí tó kù wà nínú álíbọ́ọ̀mù tí Bàbá Onísítáńpù fún mi, wọ́n ní kí n ki àwọn igun ẹ̀ bọ inú àpò kékeré onígun tó ṣe é ṣí, kí n má lẹ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èyí tó bàjẹ́ wà lẹ́yìn ẹ̀. Cicely Saunders ló kàn, 14 July ló kú, Ọjọ́ Ajé ló bọ́ sí ní 2025, mo ti ní sítáńpù, pósíkáàdì ni mo ṣì ń wá.